Ọkọ̀ Eré Tí Kò Nílẹ̀: Ṣé Ẹsẹ̀ Tó Ń Fì Ló Ń Mú Un Dùn?

Ẹjọ́ kan ni wọ́n gbé wá síwájú mi ní Abúlé Ẹ̀gbá níbí, mo sì fẹ́ dá a lójú gbogbo yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹni púpọ̀ ju àwọn méjì tó ń jà sí i lọ.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta aṣọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ó sì ti bí ọmọkùnrin kan síbẹ̀ tó ti pé ọmọ ọdún 12. Ọmọ yìí ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gun ọkọ̀ eré kan tí kò ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ìyá rẹ̀ ní àfi bí Màmá bá fọwọ́ sí i. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Ọkọ̀ tó nílẹ̀ gan-an, ta ní fọkàn tán an? Ká tó wá yọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò!”

Tíṣà kan tó háyà yàrá nínú ilé Màmá gbọ́, ó sì dá sí i. “Màmá, ẹ má bínú o. Ilẹ̀ tí wọ́n yọ yẹn kò yí nǹkan kan padà. Ẹ̀tàn ojú lásán ni, owó ni wọ́n fi ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.”

Màmá wò ó títí. “Tíṣà, ìwé lo kà, o kò tíì bímọ.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun méjì ni wọ́n bi mí. Èkíní, ṣé ilẹ̀ tí wọ́n yọ ń mú kí ọkọ̀ náà dùn sí i lóòótọ́? Èkejì, ṣé kí ọmọ gùn ún?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí irú ọkọ̀ yìí rí. Rólà-kósítà ni Òyìnbó ń pè é. Ojú irin ló ń rìn, ṣùgbọ́n kì í gbé èrò lọ síbì kankan. Ibi tó ti gbéra náà ni yóò padà sí. Ẹ̀wọ̀n irin ni ó sábà máa ń fà á gun òkè. Bó bá dé ṣóńṣó, ẹ̀wọ̀n á fi í sílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa gbé e sáré, yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀kalẹ̀, nígbà mìíràn yóò dorí èrò kodò. Fún ọjọ́ pípẹ́, ọkọ̀ tó nílẹ̀ bí ọkọ̀ yòókù ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní ọdún 1992, ọgbà ìṣeré Six Flags Great America, nítòsí Chicago, ṣí èyí tí wọ́n ń pè ní Batman The Ride. Abẹ́ irin ni wọ́n fi ọkọ̀ yẹn kọ́ sí bí àdán, ẹsẹ̀ èrò sì ń fì ní òfuurufú. Ilé-iṣẹ́ Bolliger & Mabillard ti ilẹ̀ Switzerland ló ṣe é. Ní 1994, wọ́n ṣe Nemesis, irú rẹ̀, fún ọgbà Alton Towers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1999, wọ́n gbé ọgbọ́n mìíràn dé ọgbà Six Flags Great Adventure ní New Jersey, wọ́n sọ ọ́ ní Medusa. Èyí kò rọ̀ sábẹ́ irin. Orí irin ló ń rìn bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n àga nìkan ni, kò nílẹ̀. Ní ibùdó, pèpéle kan wà tí èrò ń tẹ̀ wọlé. Bí gbogbo wọn bá ti jókòó, tí irin ìdáàbòbò ti dì wọ́n mọ́ àga, pèpéle yìí á rì lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú irin nìkan ni ó kù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Ẹ̀rí tó dára jù lọ nínú ẹjọ́ yìí wà ní ìlú Tampa tí ọmọ Màmá ń gbé. Ọgbà Busch Gardens tó wà níbẹ̀ ní ọkọ̀ eré kan tí ń jẹ́ SheiKra. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 200, eré rẹ̀ sì ń tó 70 máìlì ní wákàtí kan. Bó bá dé etí ọ̀gbun, á dúró ṣáńṣán fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí èrò wo ìsàlẹ̀ dáadáa, kó tó já lọ tààrà bí òkúta tí wọ́n jù sínú kànga. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2005, ó nílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà kúrò, wọ́n sì fi aláìnílẹ̀ rọ́pò wọn lórí irin kan náà. Ẹ ò rí i bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé Màmá àti Tíṣà yóò jà? Òkè náà kò fi ìka kan ga sí i. Eré náà kò fi máìlì kan yá sí i. Ilẹ̀ nìkan ló lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Tíṣà ti ní ẹsẹ̀. Ohun tó ń gbé ikùn ènìyàn fò kì í ṣe ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú dáńfó tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí afárá Abúlé Ẹ̀gbá, èyí tí wọ́n ṣí ní 2017, mọ ohun tí mo ń wí. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sísàlẹ̀ lójijì, ara ń tẹ̀ lé e lọ, àga kò sì fi bẹ́ẹ̀ tì wá lábẹ́ mọ́. Ohun tó wà nínú ikùn pàápàá kò jókòó bó ṣe yẹ. Inú etí wa lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀yà ara kékeré kan ti ń ṣọ́ bí a ṣe dúró àti bí a ṣe ń yí, á sáré ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé nǹkan ti ṣe. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ yálà ọkọ̀ nílẹ̀ tàbí kò nílẹ̀.

Mo tún fún Tíṣà ní ẹ̀rí kan sí i. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ Switzerland yìí kan náà ṣe Fury 325 fún ọgbà Carowinds, ní ààlà North Carolina àti South Carolina. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 325, eré rẹ̀ ń tó 95 máìlì ní wákàtí kan, ó sì nílẹ̀. Síbẹ̀, ní 2016, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bun ọkọ̀ eré onírin tó dára jù lọ, nínú ìdìbò tí ìwé ìròyìn Amusement Today ń ṣe lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń fì nìkan ni adùn, ta ni ìbá dìbò fún onílẹ̀?

Ní ti owó tí Tíṣà sọ, kò parọ́ pátápátá. Ọgbà Cedar Point ní Ohio ní ọkọ̀ eré kan láti 1996 tí ń jẹ́ Mantis, tí èrò ń dúró lórí ẹsẹ̀ gùn. Ní 2015, wọ́n fi ọkọ̀ aláìnílẹ̀ tí èrò ń jókòó sí rọ́pò, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tuntun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rougarou. Ẹ̀yin oníṣòwò, kí lẹ ń pe èyí? Ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, pátákó tuntun. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí oníbàárà bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rà á tó sì gbádùn ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún Tíṣà. Ó ní ẹ̀tàn ojú “lásán” ni. Ọ̀rọ̀ “lásán” yẹn ni mo bá a jà sí. Ní ọdún 1960, Eleanor Gibson àti Richard Walk, onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, sọ ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fún aráyé. Wọ́n fi gíláàsì tó nípọn bo tábìlì gíga. Ní apá kan, wọ́n tẹ́ aṣọ alámì mọ́ abẹ́ gíláàsì náà. Ní apá kejì, wọ́n jẹ́ kí aṣọ náà wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, tó fi dà bí ọ̀gbun. Wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ 36 sí àárín, ọmọ oṣù 6 sí 14, ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń pe tirẹ̀. Ọmọ 27 rá lọ sí apá tó dà bí ilẹ̀. Mẹ́ta péré nínú wọn ló gbà láti rá gba orí ọ̀gbun náà kọjá, bẹ́ẹ̀ gíláàsì kan náà ló gbé wọn nígbà gbogbo. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ̀ pé ibi tí òun kò bá rí ilẹ̀, kí òun má lọ. Ìmọ̀ yìí ti wà nínú wa kí a tó mọ á-bí-dí. Ọkọ̀ aláìnílẹ̀ ń fọwọ́ kan ìmọ̀ àtijọ́ yẹn ni. Ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn níbẹ̀, ẹ̀rù gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu rẹ̀ kò pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi lórí ìbéèrè èkíní nìyí: iyọ̀ ni ọkọ̀ aláìnílẹ̀, kì í ṣe ọbẹ̀. Gíga òkè, yíyá eré àti bí wọ́n ṣe tẹ irin náà, àwọn ni ọbẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá dára, iyọ̀ á jẹ́ kó wọ ènìyàn lára. Bí ọbẹ̀ bá ti bàjẹ́, iyọ̀ kò lè tún un ṣe. Kì í sì í ṣe gbogbo èrò ni iyọ̀ náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ní iwájú pátápátá ni yóò rí ojú irin tí ń sá lọ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Lórí SheiKra, ènìyàn 8 ló ń jókòó lọ́wọ̀ọ́wọ́. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀wọ́ ti yọ kúrò lórí irin, òfuurufú nìkan ló wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá wà láàárín ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn àga ẹlòmíràn ni yóò máa wò.

Ó ku ìbéèrè èkejì, òun ló sì wúwo jù. Ẹ̀yin ará Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, a mọ ọkọ̀ tí kò nílẹ̀ dáadáa. Ta ni nínú wa tí kò tíì wọ dáńfó tí ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀, tí a ń rí ọ̀dà títì tó ń sá lọ láàárín ẹsẹ̀ wa láti Ìyànà-Ìpájà títí dé Sangó? Títì ń sá lọ níbẹ̀ bí ojú irin ṣe ń sá lọ ní Tampa. Ẹsẹ̀ ń wá ibi tí yóò fara tì. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi san owó kún owó ọkọ̀ fún ìgbádùn náà? Kí ló dé tí a ń gbàdúrà dípò kí a máa rẹ́rìn-ín?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ní Tampa, wọ́n yọ ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi irin di èrò mọ́ àga, tí òṣìṣẹ́ sì ti fọwọ́ fà á wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú dáńfó, ìpẹtà ló yọ ilẹ̀, kò sì sí ohun kankan tó dì wá mú. Ẹ̀rù máa ń dùn nígbà tó bá ní onídùúró. Ẹ̀rù tí kò ní onídùúró, ìyà ni.

Onídùúró pàápàá lè já ènìyàn kulẹ̀, ìdí nìyí tí n kò fi ní fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, oṣù kan náà tí wọ́n yọ ilẹ̀ SheiKra, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan gun ọkọ̀ eré mìíràn ní ọgbà Six Flags Kentucky Kingdom ní Louisville. Kì í ṣe rólà-kósítà. Òpó gíga ni, tí wọ́n ń gbé èrò gùn lórí àga, ẹsẹ̀ wọn ń fì, tí wọ́n á sì jù wọ́n sílẹ̀. Okùn irin kan já, ó sì gé ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì. Àìsí ilẹ̀ kọ́ ló já okùn o. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ fi ojú wo ilẹ̀ nìkan. Ohun tó so ọkọ̀ ró àti ọwọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ni ká bèèrè.

Nítorí náà, Màmá, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ gùn ún, bó bá ti ga tó ínṣì 54 tí wọ́n ń bèèrè lórí SheiKra. Kí ìyá rẹ̀ má fi bàtà ga ọmọ, kó má sì bẹ òṣìṣẹ́ pé kó gbójú fò ó. Ìwọ̀n yẹn wà kí irin ìdáàbòbò lè bá ara ọmọ mu. Kó má wọ sílípáàsì, nítorí ẹsẹ̀ tó ń fì kì í di bàtà mú. Bí ẹ̀rù bá bà á ní ibùdó, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ojo.

Tíṣà, ìwọ náà gbọ́. Bí o bá ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí ọgbà ìṣeré nílé níbí, ní Èkó tàbí ní Bódìjà ní Ìbàdàn, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí ọkọ̀ náà pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Fọwọ́ ara rẹ fa ìgbànú ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Bí ìgbànú kan bá já, kí ọmọ kankan má jókòó níbẹ̀, kódà bí owó ti wọlé.

Ẹ̀yin onímọ́tò ọ̀nà Sangó, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ kásẹ̀ lé. Bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná Abúlé Ẹ̀gbá sí Oṣòdì láti 2020. Ilẹ̀ rẹ̀ le, èrò sì ń sùn nínú rẹ̀ fọnfọn. Páànù kan àti iṣẹ́ wẹ́dà ọ̀sán kan ti tó láti dí ihò ilẹ̀ dáńfó. Ẹ dí i. Ẹni tó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa fì yóò wá owó tíkẹ́ẹ̀tì Florida. Àwa tó kù, ọjà là ń lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.