Òṣùwọ̀n Tuntun fún Iṣẹ́ Àwọn Àjọ Aláàánú

Bí àjọ aláàánú kan bá wọ ìlú, tí ó sì pín àwọ̀n ẹ̀fọn fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ǹjẹ́ a lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti yọrí sí rere? Ìbéèrè yìí ni ó ń yí ọ̀nà tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ padà.

Ní Amẹ́ríkà, ìnáwó ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ olùtọrẹ kọ́kọ́ ń wò. Charity Navigator, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, gbé ìdíwọ̀n rẹ̀ ka àkọsílẹ̀ owó tí àwọn àjọ ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó-orí. Ohun tí ó rọrùn láti kà ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n àjọ tí ó bá ń sá fún ìnáwó yìí lè kùnà láti gba òṣìṣẹ́ tí ó mọṣẹ́. Ní ọdún 2013, Charity Navigator fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àjọ méjì mìíràn, kọ̀wé sí àwọn olùtọrẹ pé kí wọ́n má ṣe fi ìnáwó ọ́fíìsì nìkan ṣe ìdájọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2007, GiveWell ti ń béèrè ohun mìíràn: ẹ̀mí mélòó ni owó yìí gbà là? Ìbéèrè náà dé Nàìjíríà. Àjọ New Incentives ń fún àwọn ìyá ní owó díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní Katsina, Jigawa àti Zamfara, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe yan àwọn ilé ìwòsàn tí ètò náà kọ́kọ́ dé, wọ́n sì fi àwọn ọmọ agbègbè wọn wé àwọn ọmọ ibi tí kò dé. Àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ pọ̀ sí i níbi tí ètò náà wà. Ní ọdún 2020, GiveWell fi àjọ náà kún àwọn tí ó ń dámọ̀ràn fún àwọn olùtọrẹ. Báyìí ni òṣùwọ̀n tuntun ṣe ń tàn kálẹ̀: ohun tí olówó bá ń béèrè ni àjọ ń kọ́ láti kà.

Síbẹ̀, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní ìgbèríko kò lè san owó rẹ̀. Iṣẹ́ bíi gbígbèjà ẹ̀tọ́ opó kò sì rọrùn láti fi iye díwọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìlú, nígbà tí àjọ kan bá tún dé, ẹ má ṣe béèrè iye tí ó pín nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ó yí padà ní ilé yín, àti ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.