Baba Fẹ̀yìntì, Ohùn Rẹ̀ Kò Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ sinimá ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kí àwọn àgbà inú wa má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òṣìṣẹ́ wà nínú eré yìí, ọ̀rọ̀ òkú òun alààyè sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìwé ìròyìn Vanity Fair gbé e jáde pé James Earl Jones, àgbà òṣèré aláwọ̀ dúdú ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, ń fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún 1977. Iṣẹ́ náà ni pé òun ló ń fọhùn fún Darth Vader, ìkà aláṣọ dúdú inú sinimá Star Wars. Ẹni ọdún 91 ni baba náà nígbà yẹn. Bí ìròyìn yìí ti jáde ni àwọn olólùfẹ́ sinimá náà kárí ayé gbé e bí ẹni gbé ọ̀fọ̀. Ohun tó sì yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ohùn ìkà ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Darth Vader yìí a máa fún èèyàn lọ́rùn láìfọwọ́ kàn án. Ó pa ọmọdé. Ó gé ọwọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ dànù. Síbẹ̀ bí ohùn rẹ̀ bá ti dún, ara àwọn olùwòran a yá gágá bí ara ẹni tó gbọ́ ìlù bàtá.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Elstree, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú apá kìn-ín-ní. Ọkùnrin gìrìwò kan láti Bristol, David Prowse, ẹni tó ti gbégbá orókè nínú eré gbígbé irin wúwo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi sínú aṣọ dúdú àti ìbòjú. Prowse sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìkà náà láti inú ìbòjú bí wọ́n ti ń ya eré náà lọ, ṣùgbọ́n ohùn ará Bristol kò bani lẹ́rù tó. Ni George Lucas, ẹni tó kọ eré náà, bá wá ohùn mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn àwọn méjì yìí: Ben Burtt ló fi ẹ̀rọ tí àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi fi ń mí ṣe èémí hìì-hòò tí a ń gbọ́ kí ìkà náà tó yọjú. Kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹ̀kú lọ́tọ̀, ẹni tó ń fọhùn lọ́tọ̀, ẹni tó ń mí lọ́tọ̀, egúngún kan ṣoṣo ló sì jáde.

Ẹgbẹ̀rún méje dọ́là ($7,000) ni wọ́n san fún Jones lórí iṣẹ́ ọdún 1977. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun sí ìparí eré náà, nítorí lójú tirẹ̀, ara ọgbọ́n ìdán tí wọ́n fi ṣe sinimá náà ni ohùn òun jẹ́. Nínú apá kẹta, ní ọdún 1983, ni orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn kan wà nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí inú wọn kò dùn sí eré náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní nínú gbogbo ayé àti ìràwọ̀ tí òyìnbó ya síbẹ̀, kò rí ojú ènìyàn dúdú kankan fi hàn, àfi ohùn tí ó yá lọ́wọ́ wa fún ìkà. Ẹjọ́ wọn tọ́, a kò sì ní jiyàn rẹ̀ níhìn-ín.

Ẹni tí baba náà jẹ́ ni a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1931 ni wọ́n bí i ní Arkabutla, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, wọ́n sì kó o lọ sí oko ní ìpínlẹ̀ Michigan nígbà tó ṣì kéré. Ibẹ̀ ni ó ti di akólòlò paraku. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó pa ẹnu dé. Fún bí ọdún mẹ́jọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nílé ìwé, àfi kí ó kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé. Àwọn ẹran ọ̀sìn inú oko ló ń bá sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan, Donald Crouch, ló tú u sílẹ̀. Ọmọ náà kọ ewì kan lórí èso tó jọ ọsàn. Olùkọ́ ní ewì náà dára ju ohun tí ọmọdé lè kọ lọ, pé bí òun lóòótọ́ bá ló kọ ọ́, kí ó dìde kí ó kà á lórí níwájú gbogbo kíláàsì. Ó dìde, ó kà á, kò sì kólòlò. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi kíké ewì tọ́ ahọ́n rẹ̀ sọ́nà, títí ó fi dórí ìtàgé, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Tony ní ọdún 1969 fún eré The Great White Hope.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹni tó bá ti wo apá kejì Star Wars, ti ọdún 1980, á mọ bí òwe yìí ti bá ọ̀gá náà mu tó, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó lókìkí jù lọ nínú gbogbo ohun tí ohùn rẹ̀ sọ ni ibi tí ìkà náà ti sọ fún ọmọkùnrin tó ń bá jà pé òun ni baba rẹ̀. Àṣírí ńlá ni. Irọ́ ni wọ́n fi sí Prowse lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń ya eré náà, kí ọ̀rọ̀ má baà tú. Nígbà tí Jones rí ọ̀rọ̀ tòótọ́ nínú ìwé, ó rò pé ìkà náà ń parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì. Kì í ṣe pé baba kógbá wọlé kí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni eré tẹlifíṣọ̀n Obi-Wan Kenobi bẹ̀rẹ̀, ohùn Vader sì dún níbẹ̀ ketekete bí ó ti dún ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọn olùwòran ní, ẹ wo bí baba yìí ti le tó! Ilé iṣẹ́ Respeecher, ti ìlú Kyiv ní ilẹ̀ Ukraine, ló fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Wọ́n kó ohùn àtijọ́ Jones jọ, wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn á sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ á sì pa ohùn rẹ̀ dà sí ti ọ̀gá. Bí ogun Rọ́ṣíà ti ń wọ ilẹ̀ wọn ní oṣù kejì ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ṣì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Jones fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo ohùn òun.

Níbí ni àwọn olólùfẹ́ ti pín sí méjì. Apá kan ní ọpẹ́ ló yẹ. Wọ́n ní baba kò lọ tán, àti pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sín in jẹ, ẹ̀tẹ́ ló máa kàn án. Apá kejì ní ohùn kì í ṣe ẹ̀wù tí a ń bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé kí ohùn bá olóhùn lọ. Nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín pàápàá, a ti rí àwọn ọ̀rẹ́ méjì, ọ̀kan ń ka ìmọ̀ òfin, èkejì ń ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sun oúnjẹ jóná.

Tiwa ni pé baba kò ṣẹ̀. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ dákẹ́, tó sì wá fi agídí gba ohùn ara rẹ̀ padà, bí òun kò bá láṣẹ lórí rẹ̀, ta ló wá láṣẹ? Ó dúnàádúrà lójú ara rẹ̀, nígbà tó wà láàyè. Ọ̀rọ̀ náà, òǹkọ̀wé ló kọ ọ́, òṣèré ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Ènìyàn ṣì wà lábẹ́ ẹ̀kú.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni èyí tó tẹ̀lé e. Baba jáde láyé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ẹni ọdún 93. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Epic Games gbé Darth Vader sínú Fortnite, eré orí kọ̀ǹpútà tí àìmọye ọmọdé ń ta, pẹ̀lú àṣẹ àwọn ẹbí olóògbé. Vader yìí a máa dáhùn ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá bi í. Kò sí òǹkọ̀wé, kò sí òṣèré. Kọ̀ǹpútà ló ń ronú ohun tí yóò wí, kọ̀ǹpútà ló sì ń wí i. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọ̀dọ́ fi mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi lè mú un bú èébú. Àwọn onílé iṣẹ́ tètè tún un ṣe, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ ná. Ohùn tí ọmọ kan fi ewì tú sílẹ̀ ní Michigan ló ń sọ ìsọkúsọ lẹ́yìn ikú olóhùn.

Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà, SAG-AFTRA, gbé ẹ̀sùn dìde lóṣù náà gan-an. Wọ́n ní àwọn kò lòdì sí i pé kí ẹbí olóògbé fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó dun àwọn ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò òṣèré láìbá ẹgbẹ́ jíròrò. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá wà lára ohun tí ẹgbẹ́ yìí kan náà fi dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 118 ní ọdún 2023.

Àwọn olólùfẹ́ tó ń yọ̀ kò sì wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Jones nìkan kọ́ ló ti fọhùn Vader rí. Nígbà tí wọ́n ṣe Star Wars lórí rédíò Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, Brock Peters, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, ló sọ ọ́. Scott Lawrence àti Matt Sloan ti sọ ọ́ nínú àwọn eré orí kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn gba owó, wọ́n fi bọ́ ilé, ẹni tó bá sì gbọ́ Brock Peters á mọ̀ pé kì í ṣe sísín jẹ ló ṣe. Ó mú ìkà náà wá bí òun ti rí i. Nísinsìnyí, àgbà ti dìde lórí àga, ṣùgbọ́n àga kò ṣófo. Ọ̀dọ́ olóhùn iyọ̀ kan lè wà ní Mississippi tàbí ní Peckham lónìí, kò sì sí ẹni tí yóò pè é wá dánra wò.

A mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ inú ẹgbẹ́ wa á ní a ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé yìí ṣí sílẹ̀ fún èsì wọn. Kí wọ́n kàn jọ̀wọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i, kí ó tó di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.