"Ó Dùn Gan-an" Kì Í Ṣe Àbọ̀

Ní ìsinmi tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Òkìtìpupa fi géèmù kékeré kan sórí WhatsApp kíláàsì wa àtijọ́. Kò ní àwòrán, kò ní orin. Ìtàn ni, Twine ló fi ṣe é. Ìyá rẹ rán ọ lọ ra púpurú lọ́jà. Ìwọ ni yóò yan ọ̀nà tí o máa gbà, ẹni tí o máa dúró kí, àti ohun tí o máa fi ṣẹ́ńjì ṣe. Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ló fi kọ gbogbo rẹ̀. "Ulé" ló kọ, kì í ṣe "ilé". "Ọghọ́" ló kọ, kì í ṣe "ọwọ́". Èmi ò tíì rí irú ẹ̀ lórí fóònù rí.

Láàárín wákàtí kan, èèyàn mẹ́rìnlá ti fèsì. "Ó dùn gan-an!" "Up Ìkálẹ̀!" "Ọlọ́run á túbọ̀ gbé ẹ ga." Ẹnì kan ní àwòrán rẹ̀ kò dáa tó, bẹ́ẹ̀ kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Èmi náà kọ "Iṣẹ́ ńlá!", mo fi iná mẹ́ta tì í.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí. Ó ní, "Kí ni ìyá ẹ sọ nígbà tí o délé?"

Mo dákẹ́. Mi ò délé. Ọ̀nà ọjà ni mo ti há, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jẹun. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí. Ó ní òun ti bi mẹ́fà nínú wa, ẹnì kan péré ló gbá a dópin.

Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ kí ojú tì jù. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa kí a tó lọ gba èdè sílẹ̀: a kì í bi abẹ́nà ìmọ̀ pé "Ṣé gbólóhùn yìí dùn?" A máa sọ gbólóhùn náà, a ó sì máa wo ojú rẹ̀. Bó bá dánu dúró, a kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá tún un sọ lọ́nà mìíràn, a kọ ìyẹn náà. Bó bá ní "èèyàn lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní sọ ọ́", inú wa á dùn, a ó fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀. Abẹ́nà ìmọ̀ tó bá ń yìn wá lórí gbogbo ohun tí a sọ kàn ń ṣe wá lálejò ni, a ò ní rí nǹkan kan mú relé. Ẹni tó gbá géèmù ni abẹ́nà ìmọ̀ ẹni tó ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni ẹni yẹn ń fẹ́ gbọ́.

Àwọn tó ń ṣe géèmù onítàn lókè òkun ti fi èyí ṣe àṣà. Láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje kan lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní IFComp. Ará ìlú lásán lè ṣe adájọ́ níbẹ̀, àmọ́ ohun tó bá rí láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni yóò fi dá géèmù kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́. Fún àwọn géèmù tí èèyàn máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, ẹni tó ń dán an wò kí ó tó jáde máa ń fi gbogbo ohun tó tẹ̀ àti gbogbo ohun tí géèmù fi dá a lóhùn ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé, títí kan àṣìṣe rẹ̀. Bó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ láàárín, á fi àmì ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Àmì ìràwọ̀ yẹn kan náà tí àwa fi ń sàmì sí gbólóhùn tí kò bófin gírámà mu! Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí mo ń wá a lọ sókè òkun? Òwòran ayò kì í sọ pé "ó dùn". Ihò gan-an ló máa nawọ́ sí: "Ibi tó o ti mú yẹn ló pa ọ́." Bí apààlọ́ bá ní "Ààlọ́ o", tí "Ààlọ̀" tó padà wá bá rẹ̀wẹ̀sì, ó ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé oorun ti ń gbé àwọn ọmọ lọ, á yáa gbé orin. Nígbà tí I. B. Thomas ń kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 wọ 1930, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà, wọ́n sì ń tẹ lẹ́tà wọn jáde. Kí ìtàn tó parí ló ti ń gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sínú yàrá rẹ̀, iná mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ sí i.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú, ẹ má bà á lọ́kàn jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀ka wa yìí kò ṣàì ní ẹni tó máa ka ìtàn ojú ewé mẹ́ta tí á kọ ojú ewé mẹ́rin sí i kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun gbọ́n. Ara rẹ̀ ló ń polówó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ pa fáìlì yẹn rẹ́, kò sì sẹ́ni tó bú u. Ó ní, "Ká ní wọ́n bú mi ni, mi ò bá mọ̀ pé wọ́n kà á." Bó bá pa á rẹ́, ta ló kù tó máa fi Ìkálẹ̀ bá ọmọdé sọ̀rọ̀ lórí fóònù?

Nítorí náà mo padà gbá a, mo sì gbé e fún àbúrò mi ọlọ́dún mọ́kànlá. Mo jókòó tì í, mo pa ẹnu mọ́, ìyẹn ló sì le jù. Nígbà tó dé "ọghọ́", ó dúró. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá yẹn ti ṣì í kọ." Ó tún un wò, ó pè é síta, ló bá pariwo: "Áà! Bí Màmá àgbà ṣe ń pè é!" Kò sí ìkankan nínú èsì mẹ́rìnlá yẹn tó lè sọ èyí fún un.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Mo kọ ibi tí èmi náà ti há: ojú ọ̀nà méjì tí mo rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, tí mo fi rò pé géèmù ti bàjẹ́. Mo kọ pé ìyá tó ń ta púpurú, tó kọ́kọ́ bi mí pé ọmọ ta ni mí kó tó gbowó lọ́wọ́ mi, ló jẹ́ kí n tún lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì, kó má lọ yọ ọ́ kúrò. Mo fẹ́ ní kó fi ohùn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì pa á rẹ́. Ohun tó ṣe wá ni mo lè sọ. Bó ṣe máa tún un ṣe, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Inú mi dùn pé mo pa á rẹ́. Ohun tí òun ṣe ni pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìyá ní kí ọmọ pe iṣẹ́ tí òun rán an síta, kí òun lè mọ̀ pé ó gbọ́. Àbúrò mi pè é síta, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kankan pè títí tó fi dé ọjà. Ohùn tí mo fẹ́ dábàá ì bá jẹ dátà tán lásán.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ gbọ́ Ìkálẹ̀ jù wá lọ, ìdajì wákàtí ni mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ní Sátidé ló fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́. Mo ti délé báyìí. Ìyá mi bá mi wí nítorí ṣẹ́ńjì náírà ogún, mi ò sì mọ ibi tó wọlé sí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.