Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lórí Ilé Náà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òwe yìí bá àwọn tí ń fi orúkọ wọn bo dúkìá olówó mọ́lẹ̀ wí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Láti Ìkìrun dé Ìnísà, títí dé Òkukù, kì í ṣe ohun àjèjì kí ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó bá òun ra ilẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n sì fi orúkọ ara rẹ̀ gba rìsíìtì. Ìfọkàntán nìyẹn, kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ ìjọba kó owó ìlú, kí ó fi orúkọ awakọ̀ rẹ̀ kọ́lé, olè ni.

Àfikún Karùn-ún ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpínrọ̀ 13, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe ohun tí a kà léèwọ̀ fún un, òun gan-an ni ó rú òfin. Ó lè pàdánù ipò rẹ̀ àti dúkìá náà. Èyí dára, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìpínrọ̀ yẹn dojú kọ. Kò kan ẹni tí ó yá a lórúkọ.

Ní Íńdíà, òfin ọdún 1988, tí wọ́n mú le sí i ní ọdún 2016, di àwọn méjèèjì mú: olówó àti ayánilórúkọ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1 sí 7. Síbẹ̀, ẹni tí ó fi owó tí orísun rẹ̀ hàn gbangba ra ilé ní orúkọ aya tàbí ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ wá: kí ó mú agbódegbà, kí ó sì fi olóòótọ́ sílẹ̀.

Kí àwa olóòótọ́ náà má fi ẹnu lásán ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ̀gbọ́n bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ní ilé bàbá àwọn ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣì wà láyé.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo orísun owó kí a tó fi orúkọ wa sọ ilé.