Ẹ Má San Owó Tó Kù Kí Ẹ Tó Wọn Pressure Ọ́ìlì

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la gbé wá lónìí, torí pé pákí tí a bá ti hú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń dúdú nínú. Bí ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e bá kú sójú ọ̀nà, gbèsè dé nìyẹn.

Ohun tí à ń rí rèé: wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n á lọ crankshaft, wọ́n á pààrọ̀ ring àti bearing. Owó ńlá á lọ. Kò pẹ́, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó, tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, iná pupa ọ́ìlì á tàn. Mẹ́káníìkì á ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ra ni. Ẹ jẹ́ ká da ọ́ìlì tó ki sí i." Àwọn mìíràn á tiẹ̀ já wáyà iná náà. Èrò tiwa ni pé kí a má gba irú èyí mọ́. Ẹni tó já wáyà yẹn dà bí ẹni tó pa ajá tó ń gbó olè.

Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí crankshaft àti bearing fara kanra. Àlàfo àárín wọn kéré ju nínípọn irun orí lọ. Tó bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì á máa sá jáde, pressure á wálẹ̀, irin á máa lọ irin. Tí ẹ bá ti gbọ́ "kọ́-kọ́-kọ́", ó ti ń pẹ́ jù.

Wíwọ̀n ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Kí wọ́n tú switch iná ọ́ìlì, kí wọ́n fi gauge sójú ihò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìgbà tí pressure bá já sí bíi 4 sí 7 psi ni iná tó ń tàn. Pé iná kò tàn kò sọ pé ara ẹ́ńjìnnì le. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ń lò ni 10 psi fún 1,000 rpm, tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa. Ìwé ọkọ̀ yín ló ní àṣẹ. Bí gauge bá pé tí iná sì ń tàn, ẹ wo switch àti wáyà. Owó kékeré nìyẹn.

Bí pressure bá lọọlẹ̀ lóòótọ́, ẹ wo ìgbà tó ń lọọlẹ̀:

• Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù: ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì, strainer, relief valve àti oil pump. Gum gasket tí wọ́n fi jù máa ń já bọ́ sínú ọ́ìlì, á sì dí strainer.

• Ó dára ní tútù, ó wálẹ̀ ní gbígbóná: bearing tàbí pump tó ti jẹ ni kí ẹ fura sí. Bí wọ́n bá lọ crankshaft sí 0.25 mm, bearing 0.25 ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kì í ṣe STD.

Ọ́ìlì tó ki lè gbé gauge sókè díẹ̀, àmọ́ kò lè dín àlàfo kù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru mẹ́káníìkì o. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń sọ pé, "Ẹ dá pump àtijọ́ yẹn padà, owó ò sí," tí wọ́n á tún wá máa jà lẹ́yìn náà.

Àwọn kan á ní bíbèèrè gauge dà bí àbùkù fún ọ̀gá mẹ́káníìkì. Ẹni tó ń ra àgbàdo a máa gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Ẹ bá a sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ fẹ́ rí nọ́ńbà ẹ̀yìn bearing, owó tó kù sì dọjọ́ tí ẹ bá jọ wọn pressure ní gbígbóná. Ẹgbẹ́ yín lè dáwó jọ ra gauge kan ṣoṣo.

Bí iná náà bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé ọjà ná. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.