Ọwọ́ Kan Ò Gbẹ́rù Dórí: Ta Ló Ń Ran Olùtọ́jú Màmá Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Bí iyè Màmá bá ti ń rà nílé, l'Ómù-Àrán tàbí l'Ẹ́sìẹ́, ọrùn obìnrin kan ṣoṣo la máa ń gbé gbogbo ẹ̀ kọ́. Òun ló ń wẹ̀ fún Màmá, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun náà ló ń dìde lóru nígbà tí Màmá bá ní àwọn fẹ́ lọ sí oko tí wọ́n ti tà tipẹ́. Àwa tó kù ń fowó ránṣẹ́, a sì ń kọ "ẹ kú ìtọ́jú o" sórí WhatsApp ẹbí. Owó dáa. Àmọ́ owó kì í dìde lóru.

Dementia làwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Àwọn kan á ní Màmá kàn ń ṣarán ni, àwọn mìíràn á ní àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti ń ṣèwádìí láàárín àwọn àgbàlagbà tó ti lé lọ́dún 65 n'Íbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní in n'Íbàdàn jẹ́ 1.35 nínú 100. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Tiwa kéré, àmọ́ ó wà.

Níbi tí a ò bá ti mọ orúkọ àìsàn, aláìsàn la máa ń sọ lórúkọ. Bí ìyá àgbà bá ń dá sọ̀rọ̀, tó ń rìn kiri lóru, tó ní ọmọ òun jí owó òun, kò ní pẹ́ tẹ́nìkan á fi ní àjẹ́ ni. Mo kàwé òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: Penal Code tí wọ́n ń lò ní Kwara ka pípe ènìyàn ní àjẹ́ sí ọ̀ràn.

Àmọ́ òfin ò lè wẹ̀ fún Màmá. Ìtọ́jú tó so mọ́ra ni a ò ní. Nọ́ọ̀sì kan ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, oníkẹ́mísì ń ta oògùn, pásítọ̀ tàbí àlùfáà ń gbàdúrà, dókítà kan n'Ílọrin wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì ṣe.

Ohun tí mò ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti ìjọba Kwara ò pọ̀: kí òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí wọ́n ti kọ́ láti dá àìsàn yìí mọ̀, tó máa wò ó bóyá ibà, etí dídi tàbí àpọ̀jù oògùn ló ń da orí Màmá rú, tó máa kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá, tó sì máa bi olùtọ́jú pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ rí oorun sùn?" Òfin ìdójútòfò ìlera ti 2022 ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí owó ìrànwọ́ wà fún. Ẹ béèrè bóyá orúkọ Màmá ti wọlé.

Àwa náà níṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń dáwó kọ́ gbọ̀ngàn lè wá yàrá kan, kí àwọn àgbà máa jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí olùtọ́jú lè ráyè lọ sọ́jà.

L'Ẹ́sìẹ́, láti 1945 ni mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ń tọ́jú àwọn ère òkúta wa, títí kan èyí tí orí rẹ̀ ti ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọbìnrin kan dá ṣọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá pe ilé lálẹ́ yìí, ẹ má béèrè iye tí wọ́n nílò nìkan. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá gbà á sinmi.