Ìwé Tó Ń Sọ̀rọ̀ Ará Ilé, Tí Ọmọ Ilé Kò Rí

Àwọn òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì Abomey-Calavi tàbí ti Lomé mọ̀ pé owó mégà ti di owó ilé-ẹ̀kọ́ kejì. Ọmọ ń kọ mémoire, ìyẹn ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí. Ó ní inú tẹlifóònù ni òun ti ń wá ìwé. Kò parọ́. Púpọ̀ nínú ìwé tí ó nílò ni kò sí lórí pẹpẹ ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí owó náà ń mú wálé. Fún ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, tí àwọn Faransé ń pè ní psychologie, ohun tó ń mú wálé kò tó.

Ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò dà bí ti ìlú, níbi tí olùtọ́jú ìwé wà tí ènìyàn lè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún. Àpótí kékeré kan ni ó wà lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí náà, ẹ̀rọ sì kó àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lára wọn jáde. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ ni ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, kì í ṣe ohun tí ó ní lọ́kàn.

Àwọn tó ń to ìwé sínú ilé-ìkàwé náà sì ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Láti ọdún 1974 ni APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ psychologie ní Amẹ́ríkà, ti ń tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sàmì sí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ àmì yẹn lè wá títí kí ó má rí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kọ̀wé lórí bí àwọn ẹbí ṣe ń tọ́jú ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe. Bí ó bá kọ "folie", ìwé ìtàn àti ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni yóò pọ̀ jù lójú rẹ̀, irú èyí tí Michel Foucault tẹ̀ jáde ní 1961. Ìwé àwọn dókítà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "troubles mentaux" tàbí "schizophrénie" ni wọ́n kọ sára wọn.

Ìyẹn ṣì kéré. Èdè ni odi tó ga jù.

Bí ọmọ Kétu bá fi Faransé wá ohun tí wọ́n ti kọ nípa àìsàn ọpọlọ ní Áfíríkà, Dakar ni ìwé yóò gbé e lọ. Ní ilé-ìwòsàn Fann ní ìlú yẹn, Henri Collomb àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn Psychopathologie africaine sílẹ̀ ní 1965. Ní 1966, Marie-Cécile Ortigues àti Edmond Ortigues tẹ Œdipe africain jáde. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ará Senegal ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọn kò bá Yorùbá sọ̀rọ̀.

Àwọn tó bá Yorùbá sọ̀rọ̀ wà. Ní 1954, Adeoye Lambo, dókítà ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, ilé-ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ìlú rẹ̀. Dípò kí wọ́n máa ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, kí mọ̀lẹ́bí kan sì bá aláìsàn wá láti máa dáná fún un. Lójúmọmọ, aláìsàn a lọ gba ìtọ́jú; nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a padà sáàárín ènìyàn. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́yìn. Ó pè wọ́n mọ́ iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ Aro lókìkí káàkiri ayé, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní 1963, òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn mìíràn tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, Psychiatric Disorder among the Yoruba, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará Abẹ́òkúta àti àwọn ará abúlé lẹ́nu wò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, kọ̀wé lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń wo wèrè.

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Kétu súnmọ́ Abẹ́òkúta ju bí ó ti súnmọ́ Kútọnu lọ. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní ìhà méjèèjì ààlà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé wọ̀nyí, ọmọ tó bá sì fi Faransé nìkan béèrè yóò kọjá lára wọn láìmọ̀. Yóò máa fi ọ̀rọ̀ Dakar ṣàlàyé ìyá àgbà tó wà ní Kétu, nígbà tí ìwé tó sọ̀rọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà láìsí ẹni tó ṣí i.

Àwọn kan yóò ní kò burú, nítorí ọ̀kan náà ni ìrònú ẹ̀dá níbi gbogbo. Ta ló ti wádìí rẹ̀? Ní 2008, Jeffrey Arnett, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wo ibi tí àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí nínú àwọn ìwé ìròyìn ńlá ti APA ti wá. Nínú ènìyàn 100, 96 ló wá láti àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ bí Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kó ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ gbé wá, ìrònú àwọn ẹlòmíràn ni ó kó.

Orúkọ pàápàá ń dènà. Nínú ìwé Faransé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin ní Nago tàbí Nagot. Kétu di Kétou, Ṣábẹ̀ẹ́ di Savè. Ẹni tó bá kọ "Yoruba" nìkan ti fi ìdajì ọjà sílẹ̀. Níbí ni àwọn àgbà wúlò: ìyá tí kò dé yunifásítì rí mọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe ìran rẹ̀, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín wèrè àti ọ̀dẹ̀ orí. Kí ọmọ bi í léèrè kí ó tó ra mégà.

Ti owó kù. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ń fi àkọlé hàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì béèrè káàdì báǹkì kí ìwé tó ṣí. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà. Láti 2012 ni Directory of Open Access Books ti ń to àwọn ìwé ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà láìsanwó. Hinari, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá a ṣe.

Nítorí náà, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kí àwọn yunifásítì máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá ìwé láti ọdún àkọ́kọ́, ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n má dúró di ọdún mémoire. Kí àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé sọ fún gbogbo ènìyàn ohun tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún. Kí wọ́n sì gbé àwọn mémoire tó dára sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí wọn. Ìlà kan lójú ìwé àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ ìwárí sí ní Faransé, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.